Yàrá Olówó Pọ́ọ́kú fún Káfíńtà

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí Káfíńtà, ọkọ mi, bá jẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn lè mọ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Mo ra ìwé olójú-ewé ọgọ́rin. Oúnjẹ rẹ̀ tòní kò kún ìlà kan: búrẹ́dì, ẹyin méjì, ìrẹsì. Ó dùn mí láti fi ìyókù ìwé ṣòfò, mo bá ní kí n máa kọ tèmi náà mọ́ ọn. Bí mo bá ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo ń lò fún un, bó ti yẹ. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá lò fún un, èmi ni mo ni ín.

Ọ̀la ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ onítànṣán jó kókó inú ọ̀fun rẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, aago méje àárọ̀, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì. Dókítà ní ẹni tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà dà bí ẹni tó ro oko ku ìdajì, igbó ni yóò padà bá níbẹ̀. Àbúrò Káfíńtà ń gbé nílùú yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wákàtí méjì ààbọ̀ ni ilé rẹ̀, yàrá kan ṣoṣo sì ni òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin há mọ́. Yàrá ni a ń wá, tó súnmọ́ ilé ìwòsàn, tó mọ́, tí kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ fún alẹ́ kan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó wa kò ní bá ẹ̀rọ náà dé òpin.

Ilé mẹ́fà la wò lónìí. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tẹ́ ibùsùn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, nínú ìlú yìí kan náà, kò sẹ́ni tó lè fi ṣíìtì tàn mí jẹ. Ti ilé àkọ́kọ́ ṣì tutù. Ẹni tó fọ̀ ọ́ kò ní sùúrù kó gbẹ. Ní ìkejì, mo gbé ìrọ̀rí, mo gbóòórùn irun ẹlòmíràn. Ìkẹta dára, owó rẹ̀ ni kò dára. Ní ìkẹrin, obìnrin orí káúńtà bi mí pé, "Màmá, wákàtí mélòó lẹ fẹ́ lò?" Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ méje ni." Ó wo Káfíńtà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ìkarùn-ún kò tọ́ sí ìwé kíkọ.

Bí mo bá ti ń nájà lọ́wọ́ ni òun yóò ti yọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Mo rò pé balùwẹ̀ ló ń lọ wò.

Ìkẹfà la sọ̀ sí, lẹ́yìn ilé epo. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀. Káfíńtà fi ìka kan ilẹ̀kùn yàrá, ó fetí sí i, ó ní, "Sùpá, páálí ni wọ́n fi ṣe èyí o." Sùpá ló ń pè mí láti ìgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òkè, torí mò ń pàṣẹ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí ẹni pé èmi ni sùpáfáísọ̀. Bẹ́ẹ̀ wọn ò fi mí ṣe é títí mo fi kúrò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Ìkíní nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fi ìbòjú kan tó rí bí àwọ̀n de orí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó má baà mira. Ó jáde, ó ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ ni? Mo ti múra ogun wá." Ó jẹ ìrẹsì àwo méjì. Òjò rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo jí láago márùn-ún láìsí ẹni tó jí mi. Mo na ṣíìtì, mo ká igun rẹ̀ wọlé, mo nu bésìnnì gbẹ, mo dalẹ̀ nù, mo pa táwẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́ta, mo kó gbogbo ẹrù wa sínú wọ́dúróòbù. Káfíńtà jókòó sórí àga, ó ń wò mí. "A ti sanwó fún ẹni tó máa ṣe é, Sùpá." Mo ní kò ní ṣe é bó ṣe yẹ. Lóòótọ́, ara mi kò gbà kí n fi ibùsùn sílẹ̀ ní wúruwùru fún obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro èèyàn ní yàrá kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ìkarùn-ún. A padà dé, onílé ní òpin ọ̀sẹ̀ ti dé, yàrá ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Mo ní, "Yàrá yìí kan náà? Àbí ó máa fẹ̀ sí i tó bá di ìrọ̀lẹ́?" Ó ní àwọn tó ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù ló fà á, kì í ṣe òun. Kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀ dẹ̀, líle ló ń le sí i. Àwọn méjì ti dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú báàgì. Káfíńtà kò bínú rárá. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn pé a fẹ́ kó níbẹ̀. Kò kúkú fẹ́ràn ibẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ilé àlejò tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn gan-an. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ fún ẹnì kan. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin lókè, obìnrin nísàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí o." Alábòójútó ilé ní, "Ẹ kú oríire, Màmá. Òkè ni tiwọn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìkẹsàn-án. Ibùsùn mẹ́fà ló wà ní yàrá àwa obìnrin, mo sì ń tẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárọ̀. Obìnrin kan tó dé lánàá rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni mí, ó ní kí n fún òun ní ọṣẹ. Mo fún un.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Káfíńtà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi inú ọgbà títí wọn yóò fi lu aago kí oníkálukú wọlé. Ó mú mi rántí ilé àwọn òṣìṣẹ́ lórí òkè, nígbà tí a ń fẹ́ra sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni: ọkùnrin lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì, aago mẹ́sàn-án. Ìyá alábòójútó wa nígbà náà máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ igi. Mo ní, "Ṣé ẹ rántí tọ́ọ̀ṣì ìyá yẹn?" Ó ní, "Mo rántí. Èmi ni mo máa ń yọ bátìrì rẹ̀." Ọdún mọ́kànlélógójì, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ó jẹ: ìrẹsì rírọ̀, ọbẹ̀ ẹja. Ó ní ìtọ́ ti ń gbẹ lẹ́nu òun.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ìkẹtàlá. Láàárọ̀ yìí, orí àtẹ̀gùn ni mo bá a, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Omi lásán kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó ti ń wúkọ́ láti àná, àwọn ọkùnrin yòókù ń kùn sí i, kò sì sẹ́ni tó wá pè mí. Ó ní òun kò fẹ́ jí àwọn obìnrin. Mo bínú. N kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo ní a ń kó níbí, ìbá ṣe abẹ́ igi la ó lọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Mílíìkì nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Mo fi Káfíńtà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo lọ wá yàrá nínú òjò. Ilé mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé orí ti ń yí mi nígbà tí mo rí i pé mo ń bi ọkùnrin kan tó ń ta àga ìjókòó pé èló ni alẹ́ kan.

Ìlú yìí kì í ṣe báyìí. Nígbà tiwa, láti ilé ìwòsàn dé ibùdókọ̀, ilé àlejò kéékèèké ló tò síbẹ̀, àwọn ìyá àgbà ló ni wọ́n, wọn á gbé omi gbígbóná ka iwájú rẹ kí o tó dárúkọ. Báǹkì ni gbogbo wọn báyìí. Mo dúró níwájú ọ̀kan, mo ń rántí ìyá tó ni ín. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní kí n máa lọ.

Òpópónà àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni mo ti rí i níkẹyìn: ilé tóóró alájà mẹ́ta, tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé. Mánéjà rẹ̀ jẹ́ obìnrin tó tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ó wọ ìgò ìríran kan sójú, ó gbé ìkejì sórí. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo ní mẹ́rin. Ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì rí yàrá o." Mo ní, "Mo ti rí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó ti gbá yàrá." Ó rẹ́rìn-ín. A parí rẹ̀ sí márùn-ún, bó ṣe wà ní Ọjọ́ Ajé ni yóò wà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yàrá kọkànlá, àjà kejì, ẹ̀yìn pátápátá, ibi tó dákẹ́ jù. Mo fẹ́ kó dákẹ́ fún un.

Káfíńtà gòkè wá, ó wo yàrá, ó wo ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó já sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ní ó dára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀rọ bàjẹ́. Wọ́n ní ká máa lọ, ká padà wá lọ́la. Gbogbo àwa tó wà lórí bẹ́ǹṣì wo ara wa bí ọmọ tí olùkọ́ kò wá.

A délé, Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ mọ́. "Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, Sùpá. Jẹ́ ká máa lọ." Mo ní mẹ́tàdínlógún la ti ṣe, mẹ́rìndínlógún ló kù, a ti kọjá ìdajì odò. Ó ní owó yàrá ti ń jẹ wá tán. Mo ní èmi ni mò ń ṣọ́ owó, ó tó. Ó ní yàrá náà kò dá a lára. Mo ní, "Kí ló ṣe é? Ẹ sọ ohun tó ṣe é!" Ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Mo pariwo, mo pe ọkọ mi ní ọ̀dájú, mo ní bó bá wù ú kó kú, kó má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ wa obìnrin pè láti òkèèrè láàárín rẹ̀. "Màámi, ṣé ibi tẹ́ ẹ wà dáa?" Mo ní òtẹ́ẹ̀lì gidi ni. Káfíńtà gba fóònù, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi hàn pé òun wà láàyè.

Mo tú ẹrù rẹ̀ padà. Kò bá mi jà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Káfíńtà ní ká lọ sórí òkè. Ìgbà mẹ́rin la sinmi lójú ọ̀nà.

Kò sí òtẹ́ẹ̀lì mọ́. A ti gbọ́ pé wọ́n wó o, ṣùgbọ́n etí kì í ṣe ojú. Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun la ilẹ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ló ṣẹ́ kù, kò gòkè lọ síbì kankan. A jókòó lé e.

Mo ní, "Ibí ni káúńtà wà." Ó mi orí, ó tọ́ka sápá òsì. Òun ló jàre. A bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka: ilé ìfọṣọ, tí òórùn sítáàṣì rẹ̀ máa ń bá mi lọ sílé, ibi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, tí alásè ń fi ìsàlẹ̀ ìkòkò pamọ́ fún mi. Ọkọ̀ pupa kan dúró síbi tí yàrá kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà. Ibẹ̀ la ti pàdé. Àlejò kan ti ara rẹ̀ mọ́lé, kọ́kọ́rọ́ kán sínú ihò, wọ́n ní kí káfíńtà wá yọ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tínínrín kan dé, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ó ní kí n tẹ́ épúrọ́ọ̀nù mi, ó sì ń da ìṣó sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, méjìlá. Ó ní, "Bí ọ̀kan bá sọnù, ìwọ ni màá kàn mọ́ ilẹ̀kùn." Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀.

Mo sunkún díẹ̀. Kì í ṣe torí òtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń sunkún fún, ìka ọwọ́ mi kò tíì bọ̀ sípò. Torí pé a kéré nígbà náà ni, tí a sì gbà pé ilé yẹn yóò pẹ́ jù wá lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Ogún. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́ rárá títí ìtọ́jú yóò fi parí. Ọkùnrin tó ń bá pákó sọ̀rọ̀! Mo ra pẹ́ńsù fún un. Mílíìkì ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìkẹtàlélógún. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Láàárọ̀, mo tún yàrá ṣe bí mo ti máa ń ṣe, kò sẹ́ni lórí káúńtà, mo gbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, a lọ. Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ, aago méjì ọ̀sán la tó padà dé. Kọ́kọ́rọ́ wa kò sí lára pátákó. Ọkùnrin tuntun kan ló wà lórí káúńtà. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ti lọ?"

Ó rí kọ́kọ́rọ́, ó gòkè lọ wo yàrá. Ó bá ibùsùn tó le gbọnrangandan, bésìnnì tó gbẹ, tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó ṣófo. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àlejò ti lọ, ó sì fún ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ. Ìyẹn sanwó, ó bọ́ bàtà, ó sùn. Ìgbà tó jí tó fẹ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ ló ṣí wọ́dúróòbù, tó bá ṣòkòtò Káfíńtà, ìgò oògùn mẹ́sàn-án àti báàgì wa. Ariwo rẹ̀ la gbọ́ bí a ti ń wọlé.

Mo gòkè. Mo ní, "Yàrá wa rè é!" Oníṣòwò aṣọ ní, "Mo ti sanwó!" Ọkùnrin orí káúńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n yàrá tí èèyàn ń gbé kì í rí báyẹn!" Ó ní kò sí yàrá kankan tó kù ní iye owó tiwa. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Káfíńtà. Mo rò pé àánú ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tí kò ní ohùn, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ògiri, ó ń tọ́ka sí mi. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rí kókó náà.

Mánéjà dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè lé ti orí. "Màmá, ta ló kọ́ yín ní ibùsùn títẹ́?" Mo sọ fún un. Ó mọ òtẹ́ẹ̀lì náà. Ìyá rẹ̀ ti wá iṣẹ́ débẹ̀ rí, wọn ò gbà á. Ó ní ẹ̀bi àwọn ni. Yàrá kìíní ṣì ṣófo torí pé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni: ìsàlẹ̀, iwájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí káúńtà, fèrèsé rẹ̀ sì wo òpópónà. Ó ní ká máa gbé e ní márùn-ún títí ìtọ́jú Bàbá yóò fi parí, kí n ṣáà ti bá òun fi ibùsùn títẹ́ han àwọn òṣìṣẹ́ òun, àárọ̀ kan péré.

Ẹ̀rù ariwo àwọn tó ń kan bàtà bà mí. Àmọ́ Káfíńtà ti gbé báàgì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ìkẹrìnlélógún. Àwọn oníbàtà ń lu òòlù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Káfíńtà ń sùn bí ọmọ tuntun. Mílíìkì ife mẹ́ta, ẹyin tí mo pò mọ́ ọn. Àdììtú ni ọkùnrin.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

*Sùpá, èmi ni mò ń kọ̀wé. O lọ ra oògùn. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo ni mí lóòótọ́.*

*O bi mí pé kí ló ṣe yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ṣé o rántí yàrá kẹrìnlélọ́gbọ̀n lórí òkè? Oníṣòwò kan sùn, kò jí. Wọ́n pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ pé kí n yọ ilẹ̀kùn, torí ó há. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń kó aṣọ fífọ̀, wọ́n fi ṣíìtì ìdọ̀tí bò ó, wọ́n gbé e gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ síbi tí a ń dalẹ̀ sí, kí àlejò má baà rí i. Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán, mo ti kan ilẹ̀kùn padà, ìwọ ti tẹ́ ibùsùn. Aago mẹ́wàá, ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́.*

*N kò bá ọ wí. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí a dé láti ìgbà tí a ti wá, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò. Gbogbo wọn ló ní in. Kì í ṣe ikú ni mò ń sá fún. Kí wọ́n má ṣe fi ìdọ̀tí bò mí gba ẹ̀yìn jáde ni. Ní ilé wa, ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló wà, èmi ni mo kàn án.*

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mo rántí yàrá náà. Mo rántí pé mo ń kọrin lábẹ́nu bí mo ti ń tẹ́ ẹ. Bàtà ọkùnrin náà wà lábẹ́ ibùsùn, mo fi ìgbálẹ̀ fà á jáde, mo jù ú sínú àpò. N kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ó ń retí rẹ̀ nílé. Káfíńtà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú fún ọgbọ̀n ọdún, èmi sì ń pè é ní ọ̀dájú. Ojú tì mí. Mo sunkún títí ojú fi ń ta mí.

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo lọ bá Mánéjà. Mo bi í tààrà pé bí àlejò bá kú nílé rẹ̀, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbé e gbà. Ó ní, "Há, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!" Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bọ́ ìgò méjèèjì. Ó sì tẹ̀ lé mi wọ yàrá kìíní, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Bàbá, nínú ilé tèmi, ẹni tó bá gba iwájú wọlé, iwájú ló ń gbà jáde. Ohun yòówù kó dé."

Káfíńtà wò ó. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sórí ìwé: *Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.*

Mánéjà kọ ọ́ o. Ó wà lẹ́yìn ìwé yìí, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mo kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Mánéjà ní igun kíká. Obìnrin mẹ́rin àti ọkùnrin orí káúńtà, ẹni tó ní òun fẹ́ mọ ohun tó tan òun jẹ. Mo gbọ́ ohùn ìyá alábòójútó àtijọ́ lẹ́nu ara mi: "Fà á, kì í ṣe pé kí o bẹ̀ ẹ́." Ó ti kú tipẹ́. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé mo kórìíra ìyá yẹn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá rí bàtà lábẹ́ ibùsùn ẹni tí kò jí, kí wọ́n tò ó pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Ibà. Ara rẹ̀ gbóná láti ọ̀sán, awọ ọrùn rẹ̀ ti bó. Dókítà ní bí kò bá rọlẹ̀ di àárọ̀ ọ̀la, òun á dá ìtọ́jú dúró, ó sì mọ̀ pé mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Méjì péré ló kù. Mo rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Mánéjà lọ bẹ àwọn oníbàtà pé kí wọ́n sinmi òòlù. Káfíńtà kọ̀wé pé kí wọ́n máa kàn án, òun ń gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó rọlẹ̀. Ìkejìlélọ́gbọ̀n. Olúwa, ẹ ṣé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìkẹtàlélọ́gbọ̀n. Ó parí.

Wọ́n fún un ní ìbòjú àwọ̀n náà kó máa gbé e lọ. Dókítà ní ó lè máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìgbà náà ni wọn yóò mọ̀ bóyá kókó náà lọ tán. N kò lè bi í pé kí ni òun rò. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá ni ẹrù wa ti wà ní dídì, ṣùgbọ́n Káfíńtà kò dìde. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ohun tó ń lọ níta. Aago méjìlá, nígbà tí àwọn tó ń dé àti àwọn tó ń lọ kún iwájú káúńtà, ó gbé báàgì tó wúwo jù, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Aṣọ ti tóbi jù ú. Ó rìn la àárín wọn kọjá, ó ń kí wọn pẹ̀lú orí, wọ́n ń yà fún un.

Mánéjà ló di ilẹ̀kùn iwájú mú fún wa. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Ó ti ilẹ̀kùn náà síwá, ó fà á sẹ́yìn, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tí mo fẹ́. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn ń fi sáńpépà ha pákó. "Ilẹ̀kùn yín ń ha ilẹ̀. Màá wá tún un ṣe."

Mánéjà ní, "Ìgbà wo, Bàbá?"

"Oṣù mẹ́ta." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ sí ojú òpópónà. "Bí mo bá pẹ́, ẹ má gbé e fún káfíńtà mìíràn."